Igi Tí Ń Fọhùn Lórí Tábìlì Ilé

Gìtá, ọmọ igi tí ń sunkún kí ènìyàn lè jó, okùn tí kò so ẹran mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó so àgbà mọ́ ojú agbo, kì í ṣe àlejò mọ́ nílẹ̀ Yorùbá láti ìgbà tí Àyìndé Bákàrè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú orin jùjú ti fi iná mànàmáná gbé ohùn rẹ̀ ga lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó fi lè bá gángan dúró lójú agbo láìjẹ́ pé ìlù bò ó mọ́lẹ̀. Àwa tí a ń gbé apá ibí yìí ní ìpínlẹ̀ Ògùn tilẹ̀ bá a tan, nítorí láti Ifọ ni ẹ̀ka ojú irin ti yà lọ sí Idogo, Idogo náà ni wọ́n sì bí Ebenezer Obey sí ní 1942, ẹni tí ó fi gìtá kọ jùjú títí òkìkí rẹ̀ fi kọjá òkun, tí gìtá náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó yà sí iṣẹ́ ìhìnrere. Ọ̀nà tí Obey tọ̀ ni gìtá fúnra rẹ̀ tọ̀ ní àdúgbò wa. Láti Ibafo, níbi tí Prayer City ìjọ Mountain of Fire wà, títí dé Mowe àti Redemption City tí gbogbo wa ń pè ní Káǹpù, ilé ìsìn kò wọ́n lẹ́bàá títì Èkó sí Ìbàdàn, ṣàṣà sì ni èyí tí kò ní gìtá kan àti béèsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù.

Díẹ̀ nínú àwọn gìtá wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé wá sórí tábìlì mi, tábìlì gbẹ́nàgbẹ́nà lásán tí mo tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní Mowe, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì máa ń wà lẹ́nu àwọn tí ó gbé wọn wá: “Bọ̀dá, gìtá yìí ti bàjẹ́, ẹ bá wa wá òmíràn.” Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà, nítorí ọ̀pọ̀ gìtá tí wọ́n ń pè ní òkú ni kò kú, ojú ọjọ́ ni ó yí padà, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún un ṣe kí ó bá ojú ọjọ́ mu.

Igi ni gìtá. Bí a bá gbàgbé èyí, ohun yòówù tí a bá ṣe sí i, àṣedànù ni. Àwọn ọmọ Àyàn Àgalú, asọ̀rọ̀-igi, kò gbàgbé irú rẹ̀ rí: bí ọ̀rinrin bá mú kí awọ ìlù dẹ̀, wọn a yá a sí oòrùn tàbí sí iná, wọn kì í pariwo pé ìlù ti bàjẹ́. Gìtá kò ní awọ, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ń mu omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, a sì máa wú. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, omi náà a gbẹ, igi a sún kì. Ìdí nìyí tí gìtá kan náà tí ó kọrin bí ẹyẹ ìbákà ní àpéjọ ọdọọdún oṣù Kẹjọ ní Káǹpù fi lè máa kùn bí eṣinṣin inú ìgò nígbà tí àpéjọ Holy Ghost Congress bá kò ní oṣù Kejìlá, tí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn rẹ̀, tí a ń pè ní fúrẹ́ẹ̀tì, a sì yọ etí síta láti máa ha onígìtá lọ́wọ́, nítorí igi ti sún kì, irin kò sì bá a sún kì. Gìtá tí kò lo iná, èyí tí ó ní ihò láyà, ni ojú ọjọ́ ń fìyà jẹ jù. Bí a bá sì tún tì í mọ́ búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú títì náà, gúlù tí ó di bíríìjì rẹ̀ mú a rọ̀, okùn a sì fa bíríìjì náà tu kúrò láyà rẹ̀.

Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a fà le lórí gìtá oníná ń fa ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó tó nǹkan bí 40 kìlógíráàmù, díẹ̀ ni ó fi dín sí àpò símẹ́ńtì kan. Ti béèsì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe é fi fi irin gígùn kan sínú ọrùn náà, tí a ń fi álíńkì yí, kí òun náà lè máa fà á padà. Igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: mo máa ń gbé gìtá sókè bí ọdẹ tí ó fẹ́ yìnbọn, kí n fi ojú kan wo ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ láti orí dé ìdí. Lẹ́yìn èyí n óò tẹ okùn mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì kìíní, n óò sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tí ó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara, okùn ti di rúlà nìyẹn. Àlàfo tí ó kù lábẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá fúrẹ́ẹ̀tì keje kò yẹ kí ó fi bẹ́ẹ̀ ju 0.3 mìlímítà lọ, ìyẹn ìnípọn káàdì tí àwọn oníṣòwò fi ń polówó ara wọn. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, a yí irin náà sọ́tùn-ún. Bí kò bá sí rárá, a yí i sósì. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan ṣoṣo ni mo ń yí lẹ́ẹ̀kan, n óò sì dúró kí igi gbọ́ ohun tí mo wí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi agbára yí ti béèsì kan títí irin inú rẹ̀ fi já. Ìró rẹ̀ kò tíì kúrò létí mi, èmi ni mo sì ra òmíràn fún olóhun.

Àwọn ohun èlò mi kò pọ̀: álíńkì, fáìlì, sáńpépà, súkúrù-díráífà, àti àyọ́nù tí àwọn onírédíò fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ibi kan tí mo fẹ́ràn láti fi ọwọ́ kàn ni ìrọ̀rí kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ orí gìtá, tí okùn ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Ike ni ti àwọn gìtá olówó pọ́ọ́kú, okùn a sì máa há sínú rẹ̀: a ó yí kọ́kọ́rọ́ orí gìtá, kò ní dáhùn, àfi lójijì tí yóò dún “tín!”, tí ohùn yóò sì fò kọjá ibi tí a ń fẹ́. Bí híhá náà kò bá pọ̀, dúdú inú pẹ́ńsùlù tí a bá fi kun ojú ihò náà ti tó. Bí ó bá pọ̀, n óò gba ọ̀dọ̀ alápatà lọ. Egungun itan màlúù, tí a sè títí ọ̀rá inú rẹ̀ fi jáde, tí a sá gbẹ dáadáa, tí a fi ayùn rẹ́, tí a sì fi fáìlì gbẹ́ ojú ọ̀nà okùn kọ̀ọ̀kan sí lára ní ìwọ̀n ìsanra tirẹ̀, le ju ike lọ, ohùn a sì mọ́ lórí rẹ̀ débi pé ẹni tí ó gbé gìtá wá máa ń rò pé mo ti pààrọ̀ okùn.

Leo Fender, ẹni tí ó gbé béèsì oníná tí a ń pè ní Precision jáde ní 1951 àti gìtá Stratocaster ní 1954, onírédíò ni ní ìlú Fullerton ní California kí ó tó di olùṣe gìtá, kò sì mọ gìtá ta. Bí onírédíò ti ń ronú ni ó ṣe ronú: ó fi súkúrù mẹ́rin de ọrùn mọ́ ara dípò gúlù, kí ẹni tí ọrùn tirẹ̀ bá bàjẹ́ lè tú u pààrọ̀. Nítorí náà, bí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ onírédíò ní Ifọ tí wọ́n ń ṣàròyé pé kò sí ẹni tí ń gbé rédíò wá mọ́, mo máa ń sọ fún wọn pé gìtá wà nínú ogún wọn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Mágnẹ́ẹ̀tì ni píkọ́ọ̀pù, tí a fi wáyà bàbà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn onírin bá ń gbọ̀n lókè rẹ̀, iná kékeré kan a jí nínú wáyà náà, iná yìí ni ẹ̀rọ ń sọ di ariwo ńlá. Bí ohùn bá ń ṣe “kháá-kháá” nígbà tí a bá ń yí kọ́kọ́rọ́ fọ́líọ́ọ̀mù, eruku ọyẹ́ ni ó wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ń kùn, tí kò sì dákẹ́ nígbà tí a bá fi ọwọ́ kan okùn, kí a wo wáyà tí ó so bíríìjì mọ́ ilẹ̀ iná, bóyá ó ti já. Béèsì tí ó ń lo bátìrì 9 fóòlù a máa kú lójijì láàárín ìyìn, ẹ̀rù a ba gbogbo ẹgbẹ́ akọrin, bẹ́ẹ̀ wáyà ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá. Nínú irú béèsì bẹ́ẹ̀, wáyà tí a kò bá yọ ń jẹ bátìrì tọ̀sán tòru.

Àwọn tí ó fẹ́ kí gìtá wọn dára sí i máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi píkọ́ọ̀pù tuntun. N kò gbà. Píkọ́ọ̀pù olówó ńlá lórí ọrùn tí ó tẹ̀, ohùn tí kò bára mu náà ni yóò gbé síta, kìkì pé yóò dún ketekete. Ọrùn ni kí a kọ́kọ́ tò, lẹ́yìn náà ìrọ̀rí okùn, lẹ́yìn náà gíga okùn àti gígùn rẹ̀. Ìdajì okùn ni fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá wà, 324 mìlímítà lórí Stratocaster tí okùn rẹ̀ jẹ́ 648. Bí ohùn tí a tẹ̀ níbẹ̀ bá ga ju ìlọ́po méjì ohùn òfìfo lọ, a sún ìjókòó okùn náà sẹ́yìn lórí bíríìjì, bí ó bá rẹlẹ̀, a sún un síwájú. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo tó ń gba owó píkọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì dára kí ó jẹ́ oníwáyà méjì tí ìkùn èkínní ń pa ìkùn èkejì, fún ilé ìsìn tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀.

Lálẹ́ ni mo ń parí, nígbà tí iná bá dé. N óò fi okùn tuntun sí i, n óò fà á díẹ̀díẹ̀ kí ó lè wọ ara, n óò sì gbé gìtá kọ́ sára ògiri mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo tún ń wo ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí igi a máa yí padà lóru, kí olóhun tó gbé e lọ sí ìsìn ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ní Káǹpù.