Níbi tí wọ́n ti máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ wo àgùnfọn

Ní Kẹ́ńyà tàbí Tànsáníà, inú mọ́tò ni àlejò ti sábà máa ń wo àgùnfọn, torí kìnnìún lè wà nítòsí. Kouré yàtọ̀. Ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ sí Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Kó tó di ọdún 2020, afinimọ̀nà tó jẹ́ ọmọ abúlé máa ń ṣáájú, àlejò á fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e títí wọ́n á fi súnmọ́ ẹranko tó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kìnnìún ti tán lágbègbè náà, kò sì sí ọgbà tó yí àwọn àgùnfọn ká. Àárín oko jéró àti oko ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ Zarma, níbi tí àwọn Fúlàní ti ń da màlúù, ni wọ́n ń gbé.

Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn: láti orúnkún dé pátákò, funfun ni, kò ní tótòtó kankan. Orí ìwo akọ máa ń pá, torí orí ni wọ́n fi ń lu ara wọn níjà. Irun ṣì máa ń wà lórí ti abo. Tótòtó ara àgùnfọn kan kò jọ ti èkejì, fọ́tò rẹ̀ ni àwọn olùṣèwádìí sì fi ń kà wọ́n.

Irú àgùnfọn yìí ti wà rí láti Sẹ̀nẹ̀gàl dé Nàìjíríà. Ọdẹ, igi gígé àti ọ̀dá ló pa wọ́n run, títí wọ́n fi ku 49 péré ní 1996, gbogbo wọn ní Niger. Wọ́n ti lé ní 600 báyìí. Òfin tó de pípa wọn ṣiṣẹ́, àmọ́ lójú tèmi, àwọn àgbẹ̀ ló ṣe jù. Ẹranko yìí ń jẹ ẹ̀wà wọn lóko, ó ń jẹ máńgòrò wọn lórí igi. Ta ni yóò fara da irú olè bẹ́ẹ̀ láìyọ àdá? Owó tí àlejò ń san àti iṣẹ́ afinimọ̀nà táwọn ọ̀dọ́ rí ṣe ló máa ń pẹ̀tù sí wọn nínú tẹ́lẹ̀.

Ní 2018, wọ́n fi ọkọ̀ ńlá kó àgùnfọn mẹ́jọ lọ sí Gadabedji, ibi ìdáàbòbò ẹranko kan ní Niger, kí àjálù kan ṣoṣo má baà run gbogbo wọn.

Ní oṣù Kẹjọ 2020, àwọn agbébọn pa ènìyàn mẹ́jọ tó lọ wo àgùnfọn ní Kouré: ọmọ Faransé mẹ́fà, afinimọ̀nà wọn àti awakọ̀ wọn. Ìjọba Faransé kìlọ̀ fáwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n jìnnà síbẹ̀. Owó àlejò wá gbẹ, ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ sì wà lóko.