Bí egbò ara bá jinná, ta ló ń wo ti ọkàn?

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa ó kéré tán èèyàn 40. Àwọn aráàlú tú jáde láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ nílé ìwòsàn. Dókítà lè yọ ọta ìbọn kúrò lára o, àmọ́ kí ló dé tí ẹni tí egbò ẹ̀ ti jinná ṣì ń ta gìrì tí ilẹ̀kùn bá dún gbàà?

Ẹ wò ó, apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ ọdẹ alẹ́. Amygdala lorúkọ ẹ̀. Tó bá fura sí ewu, á pariwo: àyà á máa já, ara á máa gbọ̀n. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú, ọdẹ yìí lè má tètè gbà pé ewu ti kọjá. Tí irú èyí bá ju oṣù kan lọ, tí kò jẹ́ kéèyàn gbádùn, ó lè jẹ́ PTSD. Kì í ṣe ìwà ojo, ó sì nítọ̀ọ́jú.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ti wọlé nìyẹn. Wọ́n ń bẹ ìdílé wò, wọ́n ń wá ẹni tó máa ran ọmọ tó pàdánù òbí lọ́wọ́, wọ́n sì ń darí ẹni tí kò róorun sùn sọ́dọ̀ dókítà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ariwo ìròyìn kì í pẹ́ lọ sílẹ̀, àmọ́ ìtọ́jú ọkàn máa ń gba àkókò. Ẹni tó ń gbé abúlé, tí kò lówó ọkọ̀, kò ní lè padà wá.

Nàìjíríà ṣòfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní 2023, àmọ́ òfin kì í kan ilẹ̀kùn. Èèyàn ló ń kàn án. Torí náà, ẹ má sọ fún wọn pé “gbàgbé ẹ̀”. Ẹ bi wọ́n pé: “Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?”