Nígbà tí Nọ́ńbà Bá Tún Gòkè: Ìwé Ìlàlóye fún Bàbá tó Ń Gba Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Prostate

Fún àwọn bàbá Ùgbè, Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti gbogbo Àkókó, àti fún àwọn ará ilé wọn

Ìwé yìí kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ láti bí ọdún kan tàbí méjì, tí ara ti fúyẹ́, tí ẹ ti padà sẹ́nu oko kòkó yín, tí ẹ wá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí nọ́ńbà PSA tún gòkè, ẹ̀yin la kọ ọ́ fún.

A mọ bó ṣe máa ń rí. Bàbá á ká ìwé èsì náà sí mẹ́rin, á kì í sínú fìlà, á gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ padà sí Ùgbè, á ní kí ìyá àwọn ọmọ fọkàn balẹ̀, pé wọ́n ní kò sí wàhálà. Ọjọ́ kẹta ni ìyá máa rí ìwé náà nígbà tó bá fẹ́ fọ fìlà. 4 ló wà nínú ti ìṣáájú, 11 ló wà nínú èyí. Àtọjọ́ náà ni bàbá kò ti ní jẹun tán nínú abọ́ mọ́, tí kálukú nínú ilé á máa rìn bí ẹni tí ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nọ́ńbà tó gòkè kì í ṣe ìwé ìpè ikú. Ohun tó ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí agbára oògùn tí ẹ ń lò ti máa dín kù, ó sì yẹ kí ẹ̀yin àti dókítà tún jókòó. Bí dókítà bá ní "oògùn yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́", oògùn ló ń bá wí. Kò ní ẹ̀yin ò gbìyànjú.

Kí ni PSA ń sọ gan-an?

Prostate ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Òun ló ń tú ohun tí wọ́n ń pè ní PSA sínú ẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ inú rẹ̀ náà sì ń tú u, kódà bó bá ti ràn dé egungun. Dókítà ń lò ó bí àgbẹ̀ ṣe ń wo èéfín láti òkèèrè kó tó mọ̀ pé iná ń jó oko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èéfín ni ti oko tó ń jóná. Àrùn inú ìtọ̀ lè gbé PSA sókè, kátítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí yín lára náà lè gbé e sókè. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń ní kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dájọ́. Lábù tí ẹ lò tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ padà sí bó bá ṣeé ṣe, torí lábù sí lábù máa ń yàtọ̀ díẹ̀.

Dókítà á tún bi yín bóyá ẹ fo abẹ́rẹ́ kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òótọ́. Abẹ́rẹ́ goserelin, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Zoladex, wà tí wọ́n ń gbà ní ọjọ́ 28 síra wọn, ó sì wà tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá testosterone dúró, ìyẹn èròjà tó ń sọ ọkùnrin di ọkùnrin, tó sì tún jẹ́ oúnjẹ fún jẹjẹrẹ yìí. Bí abẹ́rẹ́ bá pẹ́ kọjá àkókò, testosterone á padà dé, jẹjẹrẹ á sì rí oúnjẹ jẹ. A mọ̀ pé owó ló sábà máa ń fà á, ẹnikẹ́ni ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi pa mọ́, wọ́n lè rò pé oògùn náà ti kùnà, kí wọ́n gbé yín lọ sórí èyí tó wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ oṣù méjì tí ẹ kò gbà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́

Ní ọdún 1941, oníṣẹ́ abẹ kan ní Chicago, Charles Huggins, òun àti Clarence Hodges, fi hàn pé bí wọ́n bá yọ kórópọ̀n ọkùnrin tí jẹjẹrẹ prostate ti ràn kiri ara rẹ̀, àrùn náà máa ń rọlẹ̀. Wọ́n fún Huggins ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà ní 1966. Iṣẹ́ kan náà tí abẹ́rẹ́ ń ṣe loṣooṣù ni iṣẹ́ abẹ yìí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn ò ní fọwọ́ kan okó yín. Wọ́n tilẹ̀ lè yọ ohun inú kórópọ̀n nìkan, kí wọ́n fi àpò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìfẹ́ sí obìnrin ṣe máa ń rọ lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń rọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́.

A ò sọ pé kí gbogbo èèyàn ṣe é. Ṣùgbọ́n bàbá tó ti ta ilẹ̀ méjì nítorí abẹ́rẹ́, tó sì tún ń fo oṣù, ó yẹ kó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Àṣírí tó wà láàárín yín àti dókítà ni, àfi bí ẹ bá fúnra yín sọ ọ́ níta. Lójú tiwa o, kò sí ohun tó ń dín iyì olórí ilé kù nínú pé ó fẹ́ pẹ́ láyé.

Ìtọ́jú tó kàn

Bí wọ́n bá yẹ testosterone yín wò tó ti lọ sílẹ̀ pátápátá, tí PSA sì ń gòkè síbẹ̀, á jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti kọ́ bó ṣe máa fi oúnjẹ díẹ̀ gbéra. Ẹ má tìtorí ìyẹn dá abẹ́rẹ́ dúró, orí rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́ ìyókù lé. Oríṣiríṣi oògùn ló ti jáde láti bí ogún ọdún sẹ́yìn fún àkókò yìí gan-an: docetaxel tó jẹ́ kẹ́mò, abiraterone, enzalutamide. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi abiraterone sínú àkójọ àwọn oògùn tí orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ ṣaláìní ní ọdún 2019.

Bí dókítà bá ní kí ẹ lo abiraterone lórí ikùn òfìfo, ẹ tẹ̀ lé e. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lè mú kí ara fa oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Prednisolone tí wọ́n ń fún yín mọ́ ọn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dá dúró lójijì, kódà bó bá tán lọ́jọ́ tí kò sówó. Ẹ tètè pe dókítà yín. Ní ti kẹ́mò, bí ara bá gbóná dé 38 nígbàkígbà láàárín ìtọ́jú, ọsibítù lọ́jọ́ náà, kì í ṣe paracetamol àti oorun.

Àgbo ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà. Àwọn kan nínú wọn máa ń dààmú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ sì ti ń bá oògùn wọ̀nyí jìjàkadì tẹ́lẹ̀.

Ìrora kì í ṣe ohun àmúmọ́ra

Àwọn bàbá wa gbà pé ọkùnrin kì í ké. Ìrora egungun tí ń dùn wọ́n láti alẹ́ mọ́jú, wọ́n á ní "ara ń ro mí díẹ̀". Bí ẹ kò bá sọ, a ò lè mọ̀. Morphine olómi wà tí wọ́n ń fi ṣíbí wọ̀n mu. Ẹni tó ń lò ó fún ìrora jẹjẹrẹ bí dókítà ṣe kọ ọ́, kì í di ẹrú oògùn. Ó máa ń mú kí ìgbẹ́ gan, nítorí náà ẹ gba oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ kìíní. Aago ni kí ẹ máa fi lò ó, kì í ṣe ìgbà tí ìrora bá dé góńgó. Ẹ̀ka tó ń mójú tó irú ìrora báyìí wà ní UCH Ìbàdàn, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ ojú kan ló ń dùn jù, ìtànṣán radiotherapy lè rọ̀ ọ́, fún ọ̀pọ̀ èèyàn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó.

Èyí ni kí ará ilé há sórí: bí ẹ̀yìn bá ń dun bàbá lákọ̀tun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń rọ, tàbí tó kú tipiri, tàbí tí kò lè tọ̀, tàbí tí ìgbẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, jẹjẹrẹ lè ti máa tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun kó lọ wọ́ ọ lẹ́yìn. Ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí FMC Ọ̀wọ̀ lóru ọjọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé jẹjẹrẹ prostate ló ní. Bí ẹsẹ̀ bá kú tán pátápátá kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro kó tó tún rìn.

Kì í ṣe ayé ló ṣe é

Àwọn kan á máa sọ ọ́ lábẹ́ igi pé ayé ló ń bá bàbá jà. Ṣùgbọ́n gómìnà wa tẹ́lẹ̀, Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, àrùn yìí ló pa á ní Jámánì ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó ló sì kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ yìí ló wọ́pọ̀ jù láàárín ọkùnrin ní Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (UK), ọkùnrin kan nínú mẹ́jọ ló ń ní in, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Nítorí náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọkùnrin yín àti àbúrò yín, kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò bí wọ́n bá ti lé ní ogójì ọdún. Ìtìjú tiyín lè na wọ́n ní ẹ̀mí.

Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu ti South Africa, ọdún 1997 ni wọ́n rí i lára rẹ̀. Àrùn náà lọ, ó padà, Tutu wọ ọsibítù, ó jáde, ó tún wọlé. Ọdún 2021 ló kú, ọmọ 90 ọdún. A kò lè ṣèlérí ọdún mẹ́rìnlélógún fún ẹnikẹ́ni, ara kálukú yàtọ̀, jẹjẹrẹ kálukú náà yàtọ̀. A kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé pípadà rẹ̀ kì í ṣe òpin.

Owó àti ìrìn àjò

Ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ kan fún aláìsàn jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate. Ọsibítù UCH ní Ìbàdàn àti UBTH ní Benin wà lára àwọn ibi tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Owó náà kì í tó gbogbo èèyàn, ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ọsibítù, kí ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ta ilé.

Ìyá, ó ń rẹ ẹ̀yin náà. Bí ooru bá ń mú bàbá lóru, tó ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan, oògùn ló ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó dá nìkan lọ gba èsì mọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ ní ọsibítù, ẹ mú káàdì yín dání, gbogbo èsì PSA láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan èyí tó wà nínú fìlà, àti ike oògùn tó ti tán. Bí ẹ kò bá lè rìn, ẹ rán ọmọ kan wá ká lè mọ bí a ṣe máa wá bá yín nílé.