Owó-orí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Faransé

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò nílẹ̀ Faransé, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí àlejò bá gba owó-oṣù àkọ́kọ́ níbẹ̀, ẹnu máa ń yà á. Á ní: "Iye tá a jọ sọ kọ́ nìyí! Ta ló mú owó mi?" Olè kọ́. Wọ́n ti yọ nínú owó náà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni.

Kí ni wọ́n yọ? Ẹ wo ìwé owó-oṣù, èyí tí wọ́n kọ "bulletin de paie" sí lórí. Ẹ ó rí "cotisations" níbẹ̀. Owó ìtọ́jú àìsàn àti owó ọjọ́ ogbó nìyẹn. Kì í padà, ṣùgbọ́n kò ṣòfò. Ní 1979, ilẹ̀ Benin àti ilẹ̀ Faransé ṣe àdéhùn pé kí wọ́n lè ka iṣẹ́ tí èèyàn ṣe lọ́hùn-ún pọ̀ mọ́ èyí tó ṣe nílé, nígbà tó bá fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì. Ilẹ̀ Togo náà ní àdéhùn tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìwé owó-oṣù dáná o! Ẹ tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó.

Nísàlẹ̀ ìwé náà, ẹ ó rí "impôt sur le revenu". Owó-orí gan-an nìyẹn. Òun ló lè padà.

Láti oṣù kìíní 1 ọdún 2019, ọ̀gá iṣẹ́ ló ń yọ owó-orí lóṣooṣù, tó sì ń san án fún ìjọba. Bíró owó-orí ló ń sọ iye tí yóò yọ fún un. Ṣùgbọ́n bíró kò tíì mọ àlejò. Ọ̀gá á wá lo ìṣirò kan tí wọ́n ṣe fún gbogbo èèyàn. Ìṣirò yìí ń wo owó oṣù kan ṣoṣo, bí ẹni pé oṣù 12 ni onítọ̀hún yóò fi ṣiṣẹ́ lọ́dún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ju bó ti yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká sọ pé ọmọ Kétu kan, tí kò tíì gbéyàwó, kó lọ sílẹ̀ Faransé ní oṣù 7 ọdún 2024, ìwé rẹ̀ sì pé. Ó ṣiṣẹ́ oṣù 6, títí ọdún fi parí. Owó tí wọ́n ń ka owó-orí lé lórí jẹ́ yúrò 2.000 lóṣù. Lọ́dún yẹn, wọ́n ń yọ yúrò 2,90 lórí yúrò 100 kọ̀ọ̀kan. Yúrò 58 nìyẹn lóṣù kan. Lóṣù 6, ó di 348.

Ṣùgbọ́n ọdún ni owó-orí ń wò, kì í ṣe oṣù. Gbogbo owó rẹ̀ lọ́dún náà jẹ́ 12.000. Ìjọba á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nítorí ìnáwó iṣẹ́, yóò ku 10.800. Fún owó ọdún 2024, àpọ́n tí tirẹ̀ kò bá kọjá 11.497 kò ní san nǹkan kan. Nítorí náà, gbogbo yúrò 348 gbọ́dọ̀ padà fún un. Ó lé ní 228.000 fáráǹkì CFA. Ẹni tó mọ iye àpò àgbàdo tí owó yìí lè rà kò ní fi í sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni owó ń padà fún o. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ oṣù 12 pé, wọ́n tiẹ̀ lè ní kó fi díẹ̀ kún un.

Owó yìí kì í sì í dá wá. Ọdún kejì, láti oṣù 4 lọ, kí onítọ̀hún kọ gbogbo owó tó gbà sínú ìwé kan. "Déclaration de revenus" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́ lè lọ béèrè ìwé náà ní bíró owó-orí. Ọ̀fẹ́ ni. Kó mú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dání, àti àwọn ìwé owó-oṣù, àti nọ́ńbà báńkì tó wà lórúkọ òun fúnra rẹ̀. Lójú tèmi, ìbẹ̀rù bíró ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró, owó wọn sì ń bẹ níbẹ̀. Tó bá di oṣù 7 tàbí 8, èsì á dé nínú "avis d'impôt", owó á sì wọ báńkì. Nítorí náà, ẹni tó ń bọ̀ wálé kó má ṣe ti báńkì pa kí owó tó dé.

Bó bá ti kúrò níbẹ̀ ńkọ́? Ó ṣì lè kọ lẹ́tà. Fún owó ọdún 2024, ó ní ààyè títí di ọjọ́ 31 oṣù 12 ọdún 2027.

Kó tọ́jú "avis d'impôt" náà, kódà bí wọ́n bá kọ òdo sí i. Àwọn onílé máa ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó fún èèyàn ní yàrá, wọ́n sì máa ń béèrè rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá fẹ́ tún ìwé ìgbélùú ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì kọ̀wé sórí tẹlifóònù pé owó-orí yín ti fẹ́ padà, pé kí ẹ fi nọ́ńbà káàdì báńkì ránṣẹ́, ẹ pa á rẹ́. Bíró owó-orí kì í béèrè nọ́ńbà káàdì bẹ́ẹ̀.