Oúnjẹ Ẹ̀gbẹ́ Títì ní Ìlú Èkó: Ohun Tí Olùkọ́ Èdè Lè Rí Mú Níbẹ̀

Ìfáárà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí èdè púpọ̀ ti ń pàdé ní orílẹ̀-èdè yìí, ibi tí ọkàn àwa olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ ìjọba àti ilé ìsìn. A kì í sábà rántí ìdí ààrò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ìlú ńlá bí Èkó, ìdí ààrò olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Hausa, ibẹ̀ ni ọmọ Igbo ti ń kọ́ bí a ṣe ń ná ọjà ní èdè Yorùbá, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí wọ́n wá láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ti fi ìkòkò ẹ̀wà di ọmọ Èkó. Iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé díẹ̀ nínú àwọn oúnjẹ wọ̀nyí: ibi tí wọ́n ti wá, bí a ṣe ń sè wọ́n, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu oríṣiríṣi ènìyàn, àti wàhálà tí ó wà nídìí títà wọn. Mo yan Èkó nítorí pé ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Ẹni tí ó bá mọ Sábó ìlú tirẹ̀, tàbí Sabon Gari ní Kano àti ní Zaria, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà jọra.

Súyà ní Ọbaléndé

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọbaléndé lẹ́yìn aago méje alẹ́, òórùn súyà ni yóò pàdé kí ó tó rí iná rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé àdúgbò náà ni súyà ti gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1863 ni Glover, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Hausa jọ sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ní Èkó. Àwọn ọmọ ogun Hausa àti ìdílé wọn wà lára àwọn tí ìjọba amúnisìn ṣí nípò lọ sí ibi tí a ń pè ní Ọbaléndé lónìí. Ìtàn tí a ń gbọ́ ni pé orúkọ náà jáde láti inú gbólóhùn “Ọba lé wa dé ibí.” Ọba tí wọ́n ń wí kì í ṣe Ọba Èkó, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ wò ó bí ó ti jẹ́ pé àdúgbò tí àwọn àlejò láti òkè ọya tẹ̀ dó ní orúkọ Yorùbá, tí orúkọ náà sì jẹ́ ẹ̀hónú.

Iṣẹ́ súyà kò rọrùn bí ó ti rí lójú. Ẹran màlúù tí kò ní ọ̀rá púpọ̀ ni wọ́n ń gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n ń fi gún igi tínrín, tí wọ́n sì ń yí nínú yájì. Kúlíkúlí lílọ̀ ni olórí yájì. Ata gígún, atalẹ̀ àti iyọ̀ ni ó tẹ̀ lé e, olúkúlùkù sì ní ohun tí ó ń fi kún tirẹ̀ tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí tí ó fi jẹ́ kúlíkúlí ni wọ́n ń lò dípò ẹ̀pà lásán ni pé a ti fún òróró kúrò nínú kúlíkúlí. Ẹ̀pà tí òróró ṣì wà nínú rẹ̀ yóò di lẹ́ẹ̀mọ́ nígbà tí a bá lọ̀ ọ́, kò ní lè rí bí ìyẹ̀fun. Wọn kì í sì í da ẹran náà sórí iná gan-an. Wọ́n máa ń to igi náà ní òró yí iná ká, kí ooru lè fẹ́ ẹran náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn Hausa ń pe irú èyí tí a fi igi gún ní tsire, wọ́n sì ní orúkọ mìíràn fún ẹran sísun tí kò ní igi. Ní Èkó, súyà ni a ń pe gbogbo rẹ̀.

Ìwé ni wọ́n sábà máa ń fi pọ́n ọn, pàápàá ìwé ìròyìn tí ó ti gbó. Mo ti ra súyà rí tí ó jẹ́ pé ìwé ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n fi pọ́n ọn, máàkì tí ó gbà sì wà lórí rẹ̀ ní yíǹkì pupa. N kò ní sọ iye tí ó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa wo ibi tí àwọn ìwé wa ń gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nídìí súyà tí ó yẹ kí olùkọ́ àwọn olùkọ́ yẹ̀ wò. “Àbókí” ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń pe ẹni tí ó ń ta á. Ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Hausa, ọ̀rọ̀ dáadáa sì ni láàárín àwọn tí wọ́n ni ín. Ní Èkó, ó ti di orúkọ tí a ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ti òkè ọya wá, ìbáà ṣe Hausa, Fúlàní, Kanuri tàbí Nupe, ẹlòmíràn sì ń fi ẹ̀gàn kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, tí ó pe ọmọ kan ní kíláàsì ní “àbókí,” kì í ṣe ọ̀rẹ́ ni ó pè é. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù mọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀wà Àgànyìn àti búrẹ́dì Agége

Bí súyà ti jẹ́ oúnjẹ alẹ́, ẹ̀wà Àgànyìn jẹ́ oúnjẹ òwúrọ̀. Àgànyìn ni orúkọ tí àwọn ará Èkó ń pe àwọn ènìyàn tí wọ́n wá láti apá Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àwọn obìnrin wọn ni ó sì mú irú ẹ̀wà yìí di mímọ̀. Wọn yóò se ẹ̀wà náà títí yóò fi rọ̀ pátápátá, tí wọn yóò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ sọ ọ́ di ọbẹ̀. Àmọ́ ọbẹ̀ ata ni ó ń ta á. Ata gbígbẹ ni wọ́n ń rẹ sínú omi, tí wọ́n ń lọ̀ láìjẹ́ kí ó kúnná. Wọn yóò yọ́ epo pupa lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, wọn yóò da àlùbọ́sà sí i, wọn yóò jẹ́ kí ó pọ́n kọjá ibi tí ẹlòmíràn ti máa ń sọ pé ó ti jó, lẹ́yìn náà ni ata yóò wọlé. Ọbẹ̀ náà yóò dúdú, yóò sì ní òórùn èéfín. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè se é. Epo tí kò yọ́ dáadáa hàn lójú ẹsẹ̀.

Búrẹ́dì tí wọ́n ń fi jẹ ẹ̀wà yìí náà ní ìtàn. Búrẹ́dì Agége ni, èyí tí ó rọ̀ tí ó sì ń fà. Lára àwọn tí ó sọ ṣíṣe búrẹ́dì di iṣẹ́ ńlá ní Èkó ni Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ní 1921 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Ebúté Mẹ́tta. Agége fúnra rẹ̀ jẹ́ ojúkò òwò obì, níbi tí àwọn oníṣòwò Hausa ti ń rà á tí ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e lọ sí òkè ọya. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Agége láàárọ̀, tí ó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà, ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ará Jàmáíkà àti ti obìnrin Tógò pọ̀ nínú àdúgbò tí owó obì kọ́. N kò rò pé ó máa ń ronú nípa rẹ̀. Ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Orúkọ kan, ẹnu púpọ̀

Àkàrà ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí a lè fi orúkọ oúnjẹ kọ́. Yorùbá ń pè é ní àkàrà, àwọn Igbo náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Hausa ń pè é ní ƙosai. Ní ìlú Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń dín in nínú epo pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí di òní, acarajé sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ “àkàrà” nínú orúkọ náà, ó sì gbọ́ “jẹ” lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú lọ ni ó gbé e débẹ̀. Ní ọdún 2004, ìjọba Bràsíìlì ka iṣẹ́ àwọn aláàkàrà Bahia mọ́ ogún àṣà orílẹ̀-èdè wọn. Èkó náà rí tirẹ̀ gbà padà: àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì bọ̀ mú frejon wá, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde.

Ìwọ̀n náà ní ìtàn. Olóúnjẹ tí ó ń ra ẹ̀wà ní Èkó ń fi kóńgò tàbí dẹ́rìkà wọ̀n ọ́, orúkọ tòmátì inú agolo sì ni dẹ́rìkà tẹ́lẹ̀. Ní òkè ọya, mudu ni.

Òfin àti àwo oúnjẹ

Láti ọdún 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tí ó ka ọjà kíkiri lójú títì léèwọ̀. Ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà ni òfin náà mú. Owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n ni ìjìyà rẹ̀. Ìjọba ní ìdí: ọkọ̀ ń pa ènìyàn, ọ̀nà ń dí, ìdọ̀tí ń pọ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ibi tí aláàkàrà yóò gbé àgbá epo rẹ̀ sí. Ní Singapore, ìjọba wọn náà kò fẹ́ olóúnjẹ lójú títì. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́ ilé ìtajà oúnjẹ káàkiri, tí ó ní omi ẹ̀rọ àti ibi ìdalẹ̀nù, wọ́n sì kó àwọn olóúnjẹ Ṣáínà, Malay àti Íńdíà lọ síbẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1990. Ní 2020, UNESCO ka àṣà náà mọ́ ogún àgbáyé. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ tó wà láàárín lílé ènìyàn àti ṣíṣí i nípò ni èyí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Èkó tún fòfin de àwo funfun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọ nù, nítorí pé ó ń dí gọ́tà. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ewé ni a fi ń pọ́n oúnjẹ kí àwo náà tó dé, ewé eéran fún mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, gbòdògì fún ìrẹsì, ewé náà sì máa ń fún oúnjẹ ní òórùn tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó mọ orúkọ ewé méjèèjì lónìí?

Ohùn tí mo gbà sílẹ̀

Ìpolówó ọjà wà lára ohun tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE nínú lítíréṣọ̀ alohùn. A máa ń tọ́ka sí àwítúnwí, àfiwé àti àsọdùn inú rẹ̀. Mo ní ohùn ọmọbìnrin kan lórí fóònù mi tí mo gbà sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ní Èkó. Ẹ̀pà àti gúgúrú ni ó gbé lérí, ohùn rẹ̀ sì dùn gan-an. Ó mọ ibi tí yóò ti fà á àti ibi tí yóò ti já a. Mo gbé e wọ kíláàsì pẹ̀lú ìdùnnú. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, aago mélòó ni ẹ gbà á sílẹ̀?” Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, ọjọ́ Ọjọ́rú. Ọmọ náà kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yẹn lọ́nà mìíràn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò gba kí a fi ọmọdé kiri ọjà, ìpínlẹ̀ Èkó sì ti sọ ọ́ di tirẹ̀ ní 2007. A kò lè máa yin ohùn ọmọ náà ní kíláàsì kí a má béèrè ìdí tí òun fúnra rẹ̀ kò fi sí ní kíláàsì. Kí ẹnikẹ́ni má sì bínú sí ìyá rẹ̀ láìmọ iye tí ó ń san fún ilé. Mo máa ń pín iṣẹ́ náà sí méjì báyìí: ọ̀nà èdè inú ìpolówó náà, àti ìròyìn kúkúrú nípa ẹni tí ó ń polówó: ọjọ́ orí rẹ̀, èdè ilé rẹ̀, bóyá ó ń lọ sí iléèwé. Àwọn àgbà ni mo ń sọ pé kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì tọrọ ààyè kí wọ́n tó ṣe é.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ kò nílò láti dé Èkó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí èdè wọn yàtọ̀ jọ lọ bá olóúnjẹ kan, kí wọ́n ra nǹkan, kí wọ́n sì kọ orúkọ oúnjẹ náà sílẹ̀ ní iye èdè tí olóúnjẹ náà bá gbọ́, pẹ̀lú ohun tí ó ń pe ohun èlò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àárọ̀ kùtù kò dára láti lọ, ìgbà náà ni èrò máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn. Nǹkan bí aago mọ́kànlá, nígbà tí ìkòkò àkọ́kọ́ bá ti tán tí èkejì kò tíì jinná, ni wọ́n máa ń ráyè sọ̀rọ̀.