Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi yín ò sítáàtì? Ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin yìí wò kẹ́ ẹ tó pe mẹkáníìkì

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, díẹ̀ ló kù kílẹ̀ ṣú mọ́ èmi àti àbúrò ìyá mi láàárín ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. A pa ẹ́ńjìnnì láti yọ ewéko omi tó lọ́ mọ́ ọn nídìí. Bá a ṣe ní ká tún máa lọ, ó kọ̀. Bọ̀dá mi fa okùn títí ọwọ́ wọn fi bó, ó kàn ń húkọ́ ni. Atẹ́gùn ń gbé wa lọ, a ò ní iná, ọkọ̀ èrò sì ń sáré kọjá. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Yamaha two-stroke tó ti dàgbà ni. Ẹlòmíì á ní ká jù ú nù. Bọ̀dá mi ní rárá o: epo, iná, àti afẹ́fẹ́ tí písítìn ń fún mọ́ra ló ń mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Èyí tí ò sí níbẹ̀ la máa wá, kì í ṣe ká máa fa okùn bí ẹni ń fa omi kànga.

1. Okùn ààbò: Okùn kan wà tí awakọ̀ máa ń so mọ́ra, ìkọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Tí ìkọ́ yẹn bá yọ, ẹ fà á dalẹ́, kò ní sítáàtì. Ẹ rí i pé jíà wà ní nútírà.

2. Táǹkì: Ẹ tú ihò afẹ́fẹ́ tó wà lórí ìdérí rẹ̀, tó bá wà ní dídé, epo ò ní ṣàn dáadáa. Ẹ wá máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà ara páìpù epo títí táá fi le. Tí ò bá le, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́ níbì kan.

3. Plug: Ẹ yọ ọ́, ẹ wò ó lẹ́nu. Tó bá gbẹ, epo ò dé ibẹ̀. Tó bá rin fún epo, epo ti pọ̀ jù tàbí kò síná. Tó bá dúdú tó ń yọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ two-stroke ń lo lítà ọ́ìlì kan sí lítà 50 epo, àmọ́ ìwé ẹ́ńjìnnì yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má ṣáná nítòsí o, epo ò mọ eré!

4. Kábúrétọ̀: Epo tó ti pẹ́ máa ń dì bíi gọ́ọ̀mù sínú àwọn ihò rẹ̀ tín-ín-rín. Omi náà lè wọ inú epo. Ẹ da díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ jẹ́ kó sinmi. Tómi bá wà níbẹ̀, á lọ sísàlẹ̀. Orí ilẹ̀ la ti ń fọ kábúrétọ̀, kì í ṣe lórí omi.

Tí gbogbo ẹ̀ bá pé tó ṣì kọ̀, písítìn àti ring rẹ̀ lè ti jẹ. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn.

Tiwa ńkọ́? Plug méjèèjì rin fún epo. Choke la fà jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, ló bá mu epo yó. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá tutù nìkan la máa ń fà á. A tì í padà, a nu plug, a jẹ́ kó gbẹ, a dá a padà. Nígbà kẹta tá a fa okùn, ó dáhùn.

Ní báyìí, plug tuntun, sípánà rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì àti àjẹ̀ kì í kúrò nínú ọkọ̀ Bọ̀dá mi. Èmi náà ò sì tún bọ́ ẹ̀wù ààbò mi títí tá a fi dé èbúté.