Àkọ́díọ́nì Tó Gbọ́ Yorùbá: Bí A Ṣe Lè Tún Bọ́tìnnì àti Ohùn Rẹ̀ Tò

Ní ẹ̀bá ọ̀sà ní Àgbádárìgì, ilé kan wà tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS kọ́ ní 1845. Òun ni a ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kí wọ́n tó kọ́ ọ ni orin ìsìn Òyìnbó ti ń dún ní etíkun náà, nítorí oṣù kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin wọ̀nyẹn sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èdè olóhùn ni èdè wa. Bí orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó gòkè, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko lè di ọkọ̀ tí apẹja fi ń re òkun. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tó jáde ní 1953, bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe so pọ̀ nínú àṣà wa. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ lọ́wọ́ olórin, fífọ́ ló ń fọ́.

Mo rántí ọ̀rọ̀ yìí nítorí ohun èlò kan tí àwọn ọ̀dọ́ olórin ti ń béèrè lọ́wọ́ mi, ìyẹn àkọ́díọ́nì dígítà oníbọ́tìnnì. Ìbéèrè wọn ni pé, ṣé a lè tún bọ́tìnnì rẹ̀ tò, kí a sì fi ohùn tiwa sínú rẹ̀? Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi yẹ.

Bọ́tìnnì kan, ohùn méjì

Cyrill Demian ló gba ìwé àṣẹ lórí àkọ́díọ́nì ní ìlú Vienna ní 1829. Ẹwìrì bíi ti alágbẹ̀dẹ ló wà láàárín rẹ̀. Atẹ́gùn inú ẹwìrì yìí ló ń mú kí àwọn ahọ́n irin kéékèèké inú rẹ̀ gbọ̀n, kí wọ́n sì fọhùn. Nínú irú èyí tó ní bọ́tìnnì mẹ́wàá lápá ọ̀tún, ohùn méjì ni bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń sọ: ọ̀kan nígbà tí a bá ti ẹwìrì wọlé, èkejì nígbà tí a bá fà á jáde. Bí a bá tì í, a ó rí dò, mí àti só. Bí a bá fà á, a ó rí re, fá, lá àti tí.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń sọ Yorùbá. Dò, re, mí ni olùkọ́ fi kọ́ wa ní àmì ohùn ní iléèwé. Lórí àpótí yìí, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè wà ní ìhà kan, ohùn àárín sì wà ní ìhà kejì. Ẹ lè pe "ìlú" pẹ̀lú títì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe "ilé", ẹ ní láti fà, kí ẹ sì yí ọwọ́ padà láti tì. Lóòótọ́, ohùn orin kì í dúró lórí dò-re-mí nìkan, ṣùgbọ́n ìṣòro náà kò yàtọ̀: ibi tí ẹwìrì ti yí padà kì í ṣe ibi tí gbólóhùn ti yẹ kó mí ní gbogbo ìgbà.

Èyí ló jẹ́ kí iṣẹ́ I. K. Dáíró yani lẹ́nu. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i ní 1930. Ní 1957 ó dá ẹgbẹ́ Morning Star Orchestra sílẹ̀, èyí tó wá di Blue Spots, òun ló sì sọ àkọ́díọ́nì di gbajúmọ̀ nínú orin jùjú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ó sì kú ní 1996. Àpótí tí wọn kò ṣe fún èdè rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní Yorùbá. Ní Gúúsù Áfíríkà ẹ̀wẹ̀, àwọn olórin Zulu kan kò gbà pé ọwọ́ nìkan ni kó yí padà. Wọ́n ṣí kọnsatínà, tó jẹ́ ìbátan àkọ́díọ́nì, wọ́n sì pààrọ̀ ipò àwọn ahọ́n irin inú rẹ̀ títí tí bọ́tìnnì fi bá orin maskandi wọn mu.

Ohun tí dígítà yí padà

Nínú ti dígítà, a kò nílò láti tú ohunkóhun. Kò sí ahọ́n irin níbẹ̀. Ẹwìrì ṣì wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ bí agbára apá olórin ti tó. Nọ́ńbà ni bọ́tìnnì ń fi ránṣẹ́. Nínú ètò MIDI, tó jáde ní 1983, àwọn nọ́ńbà yìí lọ láti 0 dé 127. 60 ni ohùn C tó wà láàárín dùrù. Bí a bá yí 60 padà sí 62, bọ́tìnnì tó ń sọ dò ní kíì C yóò máa sọ re.

Lórí àwọn àkọ́díọ́nì oníbọ́tìnnì Roland kan, a lè yan ètò tí wọ́n ń lò ní Rọ́ṣíà, ní Finland tàbí ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Kò sí èyí tí wọ́n pè ní ètò Yorùbá níbẹ̀. Àwa la máa tò ó, yálà nínú ẹ̀rọ náà, bó bá gbà bẹ́ẹ̀, tàbí nínú kọ̀ǹpútà tí a so mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa kò lò ju ohùn márùn-ún lọ: dò, re, mí, só, lá. Ẹ to márùn-ún wọ̀nyí sí ara wọn lórí ìlà kan, kí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan máa sọ ohùn kan náà, ì báà jẹ́ pé ẹ tì tàbí ẹ fà. Gbólóhùn gígùn kò ní já mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ gbogbo ìlà di bẹ́ẹ̀. Títì àti fífà yẹn ló ń fún orin ijó ní ìgbọ̀nrìrì rẹ̀. Bí ẹ bá mú un kúrò pátápátá, ẹsẹ̀ oníjó á mọ̀ pé nǹkan kan ti dín. Ẹ fi ètò àtilẹ̀wá pamọ́ pẹ̀lú, kí ìka yín má bàa di àjèjì lórí àpótí ẹlòmíràn.

Ohùn ta ni yóò máa dún?

Bí ẹ bá fẹ́ ohùn agídìgbo tàbí gòjé, ẹ gbà á sílẹ̀ ní ohùn kọ̀ọ̀kan, ní yàrá tí ariwo ìgbì òkun kò dé, kí ẹ sì fi MIDI so ó mọ́ bọ́tìnnì. Ẹ rántí pé ohùn agídìgbo máa ń kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ta á. Bó ti wù kí ẹ fa ẹwìrì pẹ́ tó, kò ní gùn sí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹwìrì máa darí bí ohùn ti le tó, kì í ṣe bó ti gùn tó. Ẹ sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àgbà tí ẹ gba ohùn ìlù rẹ̀, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ níbi tí ẹ bá ti lò ó. Àwọn Ògù Àgbádárìgì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ẹ̀gùn, ní èdè olóhùn tiwọn àti orin tiwọn; kò yẹ kí a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan.

Ìmọ̀ràn kan kù fún ẹni tó ń gbé etíkun. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ń ba irin jẹ́, ojú ibi tí a ń ki wáyà bọ̀ náà kò sì yọ. Ẹ máa nù ún gbẹ, kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tó ní ideri, kí ẹ sì ní bátìrì nítòsí nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ètò náà dára? Ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ jókòó sí yàrá, ẹ má kọrin, kí ẹ fi bọ́tìnnì nìkan pe oríkì ẹnì kan nínú ilé, bí onílù ṣe ń ṣe. Bí ìyá yín bá dáhùn láti ilé ìdáná, ẹ fi ètò náà pamọ́. Bí kò bá dáhùn, ẹ tún un tò.